Ife Méjì Alájì

Ọkọ mi, Alájì Salahudeen, mọ ọ̀rọ̀ sọ. Káfíńtà ni, ṣùgbọ́n ẹnu ló fi ń ta àga. Bí ó bá kan ibùsùn fún ìyàwó tuntun tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kàn án níbi tí ọ̀làjú ti bẹ̀rẹ̀, ìyàwó yóò sì dúpẹ́. Èmi Lábísí, tí mo ń ta òwú, sípù àti bọ́tìnnì fún àwọn aránṣọ àárín ìlú Ọ̀wọ̀, mo ti bá a gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo mọ àmì kan tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ò mọ̀. Bí Alájì bá ń sọ òtítọ́, èdè Ọ̀wọ̀ ló ń sọ. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, ẹ di àpò yín mú.

Ó yẹ kí n rántí àmì yìí lọ́jọ́ tí wọ́n ya fídíò. N ò rántí.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ la ń lọ sí ọsibítù. Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, á fọ̀ ọ́, á dá a padà, fún wákàtí mẹ́rin gbáko. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ̀ mọ́, nítorí náà omi tó bá mu, inú ara rẹ̀ ló ń gbé títí di ọjọ́ ẹ̀rọ. Omi ọ̀hún kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wú, lẹ́yìn náà ojú, lẹ́yìn náà ló ń gun ẹ̀dọ̀fóró. Nínú oṣù kejì ọdún yìí, lọ́sàn-án gangan, Alájì ń kan àga lọ́wọ́, ló bá ṣubú. Ó ń mí bí ẹni tó kó sódò, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ gbígbẹ ló wà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣófo nígbà tí a gbé e dé.

Dókítà Olúwaṣeun pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọdébìnrin ni, kò ju àkọ́bí mi lọ, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

"Màmá, bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, tí èèyàn bá wà lórí gbogbo ẹ̀rọ, a máa pàdánù wọn. Ife kékeré méjì ni kí wọ́n máa mu lójúmọ́. Ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo délé, mo di sójà. Mo fi àgádágodo ti fìríìjì, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi. Mo ń ka piọ wọ́tà inú àpò láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọbẹ̀ tí mo ń sè gbẹ débi pé Naimat, ọmọ wa, ní ọ̀bẹ ni òun yóò fi gé e, kí ó tó ti yàrá rẹ̀, tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, tó padà síbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí Alájì bá gun orí ìwọ̀n ní ọsibítù, ó ti fi kílò mẹ́rin lé, nígbà míì márùn-ún. Nọ́ọ̀sì á wo Alájì, á sì wo èmi. Alájì á na ọwọ́ méjèèjì: "Ẹ bi ìyàwó mi. Òun ló ni kọ́kọ́rọ́." Ọ̀rọ̀ á wá di tèmi. Wọ́n á ní bóyá iyọ̀ mi ló pọ̀, bóyá ẹ̀kọ mi ló ṣàn jù. Lọ́jọ́ kan, mo sunkún láti ẹnu géètì ọsibítù dé ilé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tù mí nínú. Àìsàn ti sọ ọkọ mi di olùfọkànsìn. Alájì tí mo fẹ́, Jímọ̀ sí Jímọ̀ ló ń rántí pé òun ní ojú ìkírun. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejì yẹn, gbogbo ìgbà ni yóò gbé búta, yóò gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti ṣe àlùwàlá. Ìrun márààrún, kò jẹ́ kí ọ̀kan kọjá. Nàfílà, ó ń kí i. Bí adìẹ bá fara kan aṣọ rẹ̀, ó ní àlùwàlá òun ti bàjẹ́, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ bó ti ń fi omi yọ ẹnu, gùlù-gùlù-gùlù. Mo sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù mi pé àìsàn míì, oore ni.

Nínú oṣù karùn-ún ni Dókítà Olúwaṣeun mú ọ̀rọ̀ fídíò wá. Ó ní ẹnu ti ro òun. Ohun tí òun bá kọ́ àwọn aláìsàn, wọ́n á ti gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n jọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ bá ń sọ ọ́ nínú tẹlifíṣàn ara ògiri, tí wọ́n ń wò ó fún wákàtí mẹ́rin tí wọn ò lè dìde lọ, á wọ̀ wọ́n létí. Ta ni yóò wá sọ ọ́? Gbogbo wọ́ọ̀dù ló na ìka sí Alájì.

Wọ́n gbé fóònù lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Alájì wọ jalámíà funfun tí mo lọ̀. Mo dúró lẹ́yìn fóònù, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó gbé ife kékeré sókè, ó ní: "Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí a jọ wà nínú ọkọ̀ yìí, mo kí yín." Yorùbá rédíò ni. Ó ṣàlàyé iyọ̀. Ó ṣàlàyé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn, tí wọn kì í dára fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ọjọ́ ẹ̀rọ jẹ. Gbogbo ìyẹn ni dókítà kọ fún un. Èyí tó kù, ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́ rẹ̀.

"Èmi Salahudeen tí ẹ ń wò yìí, ife méjì péré ni mo ń mu láti òwúrọ̀ di alẹ́. Mo fi Ọlọ́hun búra."

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Dókítà nu ojú. Èmi ńkọ́? Èmi ni mo kígbe "Aláhù Àkúbárù!" tó wọ inú fídíò náà. Ẹ ṣì lè gbọ́ ọ níbẹ̀ títí dòní.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìwọ̀n ní kílò mẹ́rin àbọ̀.

Fídíò náà wọ Wasáàpù, ó dé Ipele, ó dé Ijagba. Kò pẹ́ tí àwọn tí kíndìnrín wọn dá ṣáká fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu ife méjì. Akọ̀wé kan ní káńsù dákú síbi tí wọ́n ti ń tò fún àyẹ̀wò òṣìṣẹ́. Wọ́n ń pe ọkọ mi ní Alájì Ife Méjì. Bí a bá ń kọjá ní ìgboro, àwọn èèyàn á na ìka méjì sókè, òun náà á nà án sí wọn.

Kókò ló tú àṣírí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo gbin kókò sí ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù tó yọ síta. Òjò kì í dé ibẹ̀. Omi àlùwàlá mi ló ń fi ṣe ayé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Alájì ti gba ibẹ̀, ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń ṣe tèmi. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ já ewé rẹ̀, mo rí i pé ó ti pọ́n, ó ti tẹrí ba. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀, eruku ni. Ọkùnrin kan ń ṣe àlùwàlá ìgbà mẹ́jọ lójúmọ́, kókò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì ń kú fún òǹgbẹ.

Nígbà tó di àkókò ìrun ọ̀sán, mo fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná. Alájì gbé búta dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó kán omi díẹ̀ sí ìka rẹ̀ nítorí ojú ayé. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹnu búta sẹ́nu, ó dijú, ó ń mu ún bí ọmọ tó ń mu ọmú. Gùlù-gùlù-gùlù.

Inú bí mi débi pé mo wo ọmọ odó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí ẹkún tí mo sun. Mo rántí pé èmi ni mo kígbe nínú fídíò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí ju inú tó bí mi lọ, nítorí mo rí i bí yóò ṣe kú. Bí mo bá pariwo, yóò wá ibòmíì gbà. Ẹni tó lè mu omi nínú búta, kí ni kò lè mu omi nínú rẹ̀? Mo gbé ẹnu mi dákẹ́, mo ń wá ọgbọ́n.

Ọgbọ́n fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ní ọjọ́ kejì. Ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn, àgbẹ̀ kòkó láti Ijagba, Boniface lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń so òun àti Alájì mọ́ ẹ̀rọ, ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tirẹ̀. Ó ru odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kó ọsàn kún àpò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Alájì, mo mọ̀ pé fídíò ní kí á má jẹ ẹ́," ó ní, "àmọ́ ṣé kí n wá kí olùkọ́ mi lọ́wọ́ òfo ni? Láti ọjọ́ tí mo ti rí i tí ẹ búra, ife méjì lèmi náà. Mo ní bí àgbà yìí bá lè ṣe é, èmi ta ni?"

Àlejò wọlé, mo bu omi tutù wá, bí wọ́n ti kọ́ mi nílé wa. Boniface wo omi náà títí, ó gbé e padà fún mi tọwọ́tọwọ́. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Tòní ti pé." Ọwọ́ Alájì ti na ìdajì ọ̀nà sí ife náà. Ó yí i sókè, ó fi tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Níbẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀ṣọ́ mi. Mo bi Boniface bó ṣe ń dé ọsibítù. "Ulé jìnnà, Ìyá," ó ní. "Mọ́tò Ijagba kì í sì í tètè kún." Mo ní, "Ẹ kúkú máa sùn lọ́dọ̀ wa. Ẹ wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ padà lọ́jọ́bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ á wà pa pọ̀." Omi ojú bọ́ lójú Boniface. Alájì wò mí bíi pé mo ti tà á.

Ní Àsùbáà àkọ́kọ́, bí Alájì ti gbé búta, Boniface ti dìde. Ọmọ tí a kọ́ ni. Ní ilé wọn, àgbà kì í da omi sọ́wọ́ ara rẹ̀ kí àbúrò máa wòran.

"Ẹ jẹ́ n bá yín dà á, Alájì."

"Rárá o. Ẹ̀sìn wa ni, o ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ó kọ́ mi. Ṣebí olùkọ́ ni yín."

Ó gba búta. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, ó ti mọ̀ ọ́n dunjú: ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, imú, ojú, títí dé ẹsẹ̀. Bó bá ti da omi sí ẹnu Alájì, á dúró, á máa kà á. Mo wà ní ilé ìdáná, mo fi etí ìró di ẹnu, nígbà tí mo gbọ́ ọ tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé: "Alájì, ẹ ò tíì tu ẹlẹ́ẹ̀kẹta."

Alájì tu ú. Ìró bó ṣe bọ́ sílẹ̀ dà bíi pé owó ló jábọ́ lápò rẹ̀.

Bí Alájì bá ní òun ń lọ kí nàfílà, Boniface á ti dìde. Bí adìẹ bá kọjá, Boniface á lé adìẹ. Lọ́sẹ̀ kejì, nàfílà ti dópin, kódà láti Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Àìkú tí Boniface kì í sí nílé, Alájì ń tu ẹlẹ́ẹ̀kẹta fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin àsàlátù bi mí bóyá ìgbàgbọ́ Alájì ti ń rọ̀. Mo ní ara rẹ̀ ló ń yá.

Ara rẹ̀ sì ń yá lóòótọ́. Ìwọ̀n ní kílò mẹ́ta, ó ní méjì, ó ní ọ̀kan àbọ̀. Ojú tó wú lọ sílẹ̀, ó tún ń kan àga. Dókítà Olúwaṣeun fò sókè. "Ẹ rí i! Fídíò ń ṣiṣẹ́!" Ó kọ ìwé nípa rẹ̀, ó kà á fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò pẹ̀lú Alájì. Kò parọ́. Fídíò kúkú ṣiṣẹ́, lára ẹni tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìnkùlé, kókò mi yọ ewé tuntun mẹ́ta.

Ìgbà tó yá ni ìyàwó Boniface, Zipporah, pè mí lórí fóònù láti dúpẹ́.

"Ìyá Naimat, ẹ bá mi kí Alájì. Kí Boniface tó máa wá sọ́dọ̀ yín, tó bá ti dóko, inú ìsun ló ń ki orí bọ̀. Á délé, á ní ife méjì. Ọjọ́ mẹ́rin tó ń lò lọ́dọ̀ yín yìí nìkan ni ọkàn mi ń balẹ̀. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí Alájì rí òun níbi tí òun ti ń mu omi láéláé."

Mo jókòó sórí àpò òwú mi, mo rẹ́rìn-ín títí tí oníbàárà fi bi mí pé kí ló dé. Òpùrọ́ méjì ló ń ṣọ́ ara wọn nínú ilé mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan rò pé wòlíì lẹnì kejì. Mo ní n ò ní sọ. Irọ́ tó ń gba ẹ̀mí là, èmi ta ni tí màá tú u?

Mo kábàámọ̀ rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án. Boniface ní òun fẹ́ ká kòkó, òun ò ní lè wá lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní oko, nínú oòrùn, nítòsí ìsun rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Alájì ti sùn lé ibùsùn, nọ́ọ̀sì ti ń múra láti so ó mọ́ ẹ̀rọ, nígbà tí Zipporah àti awakọ̀ kan gbé Boniface wọlé láàárín ara wọn. Ojú rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ dúdú, ó ń mí bí Alájì ṣe mí lóṣù kejì. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà. Èèyàn ti wà lórí mẹ́ta, títí kan ti Boniface tí wọ́n fún ẹlòmíì nítorí pé ó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọn ti wà nínú rọ́bà. Ìkẹrin ni ti Alájì.

Dókítà dúró láàárín wọ́ọ̀dù, ó ń wo ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lókè orí wa, tẹlifíṣàn ń ṣiṣẹ́ lọ: "Ife méjì péré ni mo ń mu láti òwúrọ̀ di alẹ́."

Boniface gbójú sókè sí i. Ó na ọwọ́ sí Alájì. Ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ. "Alájì... ẹ má bínú... mo purọ́ fún yín. Mi ò lè ṣe é... bíi tiyín."

"Mo fi Ọlọ́hun búra," ni Alájì inú tẹlifíṣàn wí. Ohùn mi sì tẹ̀ lé e: "Aláhù Àkúbárù!"

N ò tíì rí ojú ọkọ mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì kúrò, ó sọ̀kalẹ̀. "Ẹ gbé e síbí."

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?" ni dókítà bi í.

Nọ́ọ̀sì wo ìwé rẹ̀. Kílò kan àbọ̀ omi péré ló wà lára Alájì. Ó lè dúró di ìrọ̀lẹ́. Kílò kan àbọ̀ yẹn, ọwọ́ Boniface ló ṣe é.

Wọ́n so Boniface mọ́ ẹ̀rọ. Alájì jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò dìde. Nígbà tó tó wákàtí méjì, tí èémí Boniface bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere, Alájì tẹ̀ síwájú, ó sì sọ̀rọ̀ tí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. Èdè Ọ̀wọ̀ ni.

"Boniface, mẹ́ẹ̀ mu ife méjì rí. Inú búta ni mo ń mu ún. Ìwọ lo dá mi dúró."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ bí òǹgbẹ náà ṣe ń rí, bí ẹni tó gbé iyanrìn mì, tó ń gbọ́ ìró omi nínú ìkòkò aládùúgbò. Ojú tì mí. Láti oṣù kejì ni mo ti ń ka piọ wọ́tà, n ò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé báwo ni òǹgbẹ náà ṣe rí.

Ìyá kan tó wà ní ibùsùn ìkángun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Èmi, yìnyín ni mo ń jẹ. Omi ni wọ́n ní ká má mu, wọn ò dárúkọ yìnyín." Ẹlòmíì ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni tòun. Dókítà Olúwaṣeun jókòó sórí báàkẹ́tì tó dorí kodò.

"Ta ló wá ń mu ife méjì nínú gbogbo yín?" ó béèrè.

"Akọ̀wé káńsù," ni mo dáhùn.

Alájì lọ bá Lèmọ́mù nítorí ìbúra yẹn, wọ́n ní kí ó bọ́ tálákà mẹ́wàá. Kókò ẹ̀yìnkùlé ni mo wú, mo sè é fún wọn. Òun àti Boniface jókòó, wọ́n ń wo àwọn tálákà náà bí wọ́n ṣe ń jẹun, nítorí kókò náà kò dára fún kíndìnrín tiwọn. Dókítà tún fídíò yà, èyí tí àwọn méjèèjì ti sọ òtítọ́, ti búta àti ti ìsun. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ wò ó, wọ́n ní kò yẹ kí àwòkọ́ṣe máa jẹ́wọ́ irọ́. Wọ́n ní fídíò àkọ́kọ́ ló dára jù, àbájáde rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé. Òun náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lára ògiri.

Ṣùgbọ́n báyìí, gbogbo ìgbà tó bá dé ibi tó ti búra, Alájì á gbé orí sókè lórí ibùsùn, á ní, "Irọ́ ni o!" Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni ẹ ó gbọ́ ohùn mi nínú tẹlifíṣàn: "Aláhù Àkúbárù!"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú aláìsàn tuntun wá, Qudirat, onídìrí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ń sunkún. Ó wo tẹlifíṣàn, ó wo Alájì.

"Bàbá, bó bá jẹ́ irọ́, báwo lẹ ṣe wá ń ṣe é?"

Alájì ò sọ Yorùbá rédíò. Ó na ìka sí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí Boniface ti ń sùn.

"Mi ò lè dá a ṣe," ó ní. "Ẹni yẹn ló ń bá mi da omi. Ta ló wà nílé yín?"

Ọmọbìnrin náà ní òun nìkan ló ń gbé.

Alájì yíjú sí mi. N kò dúró kó sọ̀rọ̀. Mo ti ń tú kọ́kọ́rọ́ yàrá Naimat kúrò létí ìró mi.